Ilé Tí Mo Kùn ní Pupa

Bàbá Alága ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn lọ sídìí ògiri tí mo lẹ máàpù mọ́, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí ilé kan.

"Tèmi nìyí, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Inú mi tiẹ̀ ń dùn pé ó tètè dá ilé rẹ̀ mọ̀.

"Ta ló wá ní kí ẹ kùn ún ní pupa?"

Nílùú Ìbàdàn, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ọ̀dà pupa ń wá lára ògiri. O jí láàárọ̀, o rí i pé wọ́n ti fa X gàdàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ, o ti mọ̀ pé katapílà ń bọ̀ lọ́nà. Èmi ní tèmi, ohun tí wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì ni mo ṣe: pupa fún ibi tí ewu omi ti pọ̀ jù, àwọ̀ ọsàn fún èyí tó tẹ̀ lé e, yẹ́lò fún ibi tó fúyẹ́. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi yan àwọn àwọ̀ yẹn. Ilé mọ́kànlélógójì ló pọ́n rokoroko lórí ògiri gbọ̀ngàn náà, àwọn tó kọ́ wọn sì jókòó níwájú mi lórí àga onírọ́bà.

Kí n tó la ẹnu ṣàlàyé, ìyá kan ti ń sunkún lẹ́yìn. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí dá mi lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun wà ní Màrókò l'Ékòó ní oṣù keje ọdún 1990, òun mọ bí ilé ṣe ń wó, òun ò sì ní dúró kí ẹnikẹ́ni tún wá ka ilé òun. Ẹni tó bá mọ ìtàn Màrókò mọ̀ pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n lé jáde níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un, pé àwọ̀ lásán ni? Ìpàdé yẹn kò pé ogójì ìṣẹ́jú tó fi tú ká.

Iṣẹ́ kékeré ni iṣẹ́ tí a wá ṣe. Àwa mẹ́rin ni, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì àti fóònù wa, lábẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú kan tí n kò ní dárúkọ. Àdúgbò náà wà lẹ́bàá odò kékeré kan tó ń wọ odò Ògùnpa. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn ò nílò kí wọ́n máa ṣàlàyé Ògùnpa fún un. Omíyalé 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 làwọn àgbà àdúgbò yẹn fi ń ṣírò ọjọ́ orí ọmọ wọn: "kí Ògùnpa tó gbé wa ni mo bí i." Èyí tó tún dé ní 26 oṣù kẹjọ 2011 kò jìnnà sí wa rárá. Òjò ọjọ́ yẹn lé ní 180 mílímítà láàárín wákàtí díẹ̀, afárá Apẹ̀tẹ́ bá a lọ, ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì kú káàkiri ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014 láti fi kojú omíyalé ní Ìbàdàn. Tiwa kò sí lára iṣẹ́ ńlá yẹn. Ohun tí a fẹ́ kò ju pé kí àdúgbò kan ní máàpù tirẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè gbé e lọ bá àwọn aṣètò ìlú, kí wọ́n sọ pé ibí ni kí ẹ la gọ́tà gbà.

GIS ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ wa, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya máàpù. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wo obìnrin tó múra lọ sóde: bùbá ní tirẹ̀, ìró ní tirẹ̀, ìborùn ní tirẹ̀, ara kan náà ni gbogbo wọn wà. Odò jẹ́ ìpele kan, ojúlé jẹ́ ìpele kan, ọ̀nà àti gọ́tà jẹ́ ìkẹta, gíga àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jẹ́ ìkẹrin. Ohun tó mú kí wọ́n lè bá ara wọn mu ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà láyé. Lẹ́yìn ìyẹn lo tó lè bi kọ̀ǹpútà pé: ilé mélòó ló wà láàárín ọgbọ̀n mítà sí odò? Èwo ni ilẹ̀ rẹ̀ relẹ̀ ju ojú títì lọ? QGIS tí a fi ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà ibi tí nǹkan wà bá ti ṣì, gbogbo aṣọ náà wọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Minna, torí ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà gbọ́ ọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kó ìwé sọ́fè àtijọ́ fún wa. Mo tẹ nọ́ńbà òkúta ààlà wọn sórí kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ kan, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìtún un wò. Nígbà tí akọ̀wé rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì wa ti di ọkọ̀ Nóà ni?" Mo wò ó: ṣọ́ọ̀ṣì wà láàárín odò, ilé méjìdínlógún sì yí i ká. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí àwọn awọnlẹ̀ wa fi ń ṣe sọ́fè láyé àtijọ́, òǹkà tí wọ́n ń pè ní Minna ló dá lé. Fóònù wa àti àwòrán sátẹ́láìtì ń lo ti àgbáyé, WGS84. Nọ́ńbà kan náà ni, ibi méjì ló ń tọ́ka sí, ìyàtọ̀ wọn ní agbègbè Ìbàdàn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún mítà. Bí o kò bá sọ fún kọ̀ǹpútà pé Minna ni èyí, á sún ilé gbogbo lọ sí ìlà oòrùn, kò ní bẹ̀ ọ́. Odò sì wà ní ìlà oòrùn wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, a sì tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Pupa ni kò ṣe é tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń ká máàpù mi níjọ́ ìpàdé, tí ojú ń tì mí, Ìyá Alákàrà tó wà ní oríta ló pè mí. "Ọmọ mi, o ò tíì jẹun láti àárọ̀. Jókòó." Mo jókòó. Ó fún mi ní àkàrà, ó jẹ́ kí n jẹ mẹ́ta tán kó tó sọ̀rọ̀. "Gbogbo àwọn tó wá sípàdé rẹ yẹn, onílé ni wọ́n. Èwo nínú wọn lomi ń bá lórí bẹ́ẹ̀dì?"

Mo ń wò ó. Nípasẹ̀ ẹgbẹ́ onílé ni mo ti pe ìpàdé, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: o kí Alága, o kí Mọ́gàjí, wọ́n bá ọ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Mo fi í sí àárọ̀ Sátidé, aago mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò, ayálégbé ni wọ́n, ọjà ni wọ́n wà ní Sátidé. Ọ̀pọ̀ onílé tó ń pariwo mọ́ mi kò sùn sí àdúgbò yẹn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, owó ilé nìkan ni wọ́n ń wá gbà. Wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé omi ń wọlé, torí ta ni yóò háyà ilé tómi ń wọ̀? Àwọn tó mọ bí omi ṣe ń ga tó kò sí níbẹ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ìdí tí wọn kò fi ní sọ. Ohun tí mo ti kó jọ láti ẹnu wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti tò ó dáadáa sínú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú àwọ̀ mẹ́ta.

Ìyá Alákàrà ní kí n padà wá lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí n gbé àwòrán mi dání, kí n má gbé kọ̀ǹpútà. Ó ní òun ò ní ta ọjà tán kí àwọn ayálégbé tó dé.

Àwòrán sátẹ́láìtì gbàǹgbà ni mo gbé lọ, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì méjì tí a so pọ̀, iná fóònù la fi ń wò ó. Kò sí ẹnì kan tó dá ilé rẹ̀ mọ̀. Ojú kò tì wọ́n, ojú ló ti èmi, torí mo ti gbàgbé pé ènìyàn mọ ilé rẹ̀ láti iwájú. Ta ló ń wo òrùlé? Páànù dídípẹtà kan náà ni gbogbo wọn láti òkè. Wọ́n ń wò, wọ́n ń mirí, títí ọlọ́kadà kan fi di etí ìwé náà mú, tó yí i po, kí títì orí ìwé lè kọjú síbi tí títì gan-an kọjú sí. "Ẹ̀n-ẹ́n! Mọ́ṣáláṣí rèé. Ibi tí ẹ̀rọ ọlọ gbé wà rèé. Ilé Ìyá Ìbejì nìyí." Láti alẹ́ yẹn ni n kò ti tún bá ẹnikẹ́ni jà lórí àríwá. Àríwá lè wà níbi tó bá wù ú.

Bí wọ́n ṣe máa sọ gíga omi ló kù. Ìyá Alákàrà bu ẹ̀wà tútù wá nínú kóńgò. Ẹ̀wà kan, omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Méjì, orúnkún. Mẹ́ta, ìbàdí. Mẹ́rin, àyà. Olúkúlùkù gbé ẹ̀wà síbi tó ń gbé. Ìyá kan gbé mẹ́rin kalẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó tún gbé ẹyọ kan lé e, kò sì sọ nǹkan kan, kò sẹ́ni tó bi í. Fún 2011 la kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́yìn náà fún òjò ọdún tó kọjá. A ti ya fọ́tò rẹ̀, Ọlọ́run ṣe é, torí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ewúrẹ́ kan gbé ẹnu sí i tó sì jẹ omíyalé 2011 láti mọ́ṣáláṣí títí dé ẹ̀rọ ọlọ.

Àwọn onímọ̀ ti fún irú iṣẹ́ yìí lórúkọ láti 1996, níbi ìpàdé kan ní Orono, ní ìpínlẹ̀ Maine l'Amẹ́ríkà. PPGIS ni wọ́n ń pè é, ìyẹn GIS tí ará ìlú fúnra wọn lọ́wọ́ sí. Mo ti ka púpọ̀ nínú ìwé wọn. N kò rí ẹ̀wà níbẹ̀. Èyí tó wúlò jù fún mi ni iṣẹ́ Ramani Huria tó bẹ̀rẹ̀ ní Dar es Salaam, ní Tanzania, ní 2015, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ará àdúgbò ti jọ ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń ya ibi tí omi ń yà sí, gọ́tà dé gọ́tà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, fóònù wọn àti dróònù wọn ni mo ń wò. Ìrìn yẹn gan-an ni n kò kà sí nǹkan.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Teepu ìwọ̀n ọwọ́ wa ń wọn ibi tí omi ti fi àmì sílẹ̀ lára ògiri, ìlà àwọ̀ ẹrẹ̀ tí ọ̀dà tuntun kì í bò tán. Àwọn ọmọ kéékèèké ló ń mú wa lọ síbẹ̀, wọ́n mọ gbogbo rẹ̀. A ń tẹ̀ ẹ́ sínú áàpù KoboCollect lórí fóònù, bí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá sí, á dúró dìgbà tó bá dé. GPS fóònù ń ṣìnà mítà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín agboolé tí ògiri ti fún ara wọn, ìyẹn ni pé ẹ̀rọ lè kọ omi ilé Làmídì sí ilé Rájí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi bírò kọ ọ́ sórí ìwé pẹ̀lú.

Níbi ìrìn yìí ni kọ̀ǹpútà mi ti jẹ́bi gidi. Ìpele gíga ilẹ̀ tí mo ń lò, láti òfuurufú ni wọ́n ti wọ̀n ọ́ wá: ọkọ̀ gbalasa òfuurufú Endeavour ló gbé rédà yí ayé ká fún ọjọ́ 11 ní oṣù kejì ọdún 2000. Ohun àgbàyanu ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n mítà sí ọgbọ̀n mítà ni ojú rẹ̀ mọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń fún ilé mẹ́ta, gọ́tà kan àti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ pọ̀. Rédà náà ò sì mọ ilẹ̀ yàtọ̀ sí òrùlé. Kọ̀ǹpútà wá ṣírò pé omi yóò gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí sàn lọ, nígbà tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé iwájú rẹ̀ ló ń gbà. Bàbá arúgbó kan nínú agboolé Mọ́gàjí ló sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó ní odò náà ti yí ọ̀nà padà. Wọ́n ta ilẹ̀ tó ti ń kọjá, ẹni tó rà á kó pàǹtírí àti ìyangbò pákó dí i, odò bá ya sọ́wọ́ òsì. "Àmọ́ bí òjò bá pọ̀," bàbá ní, "ó máa ń rántí ilé."

Ibi tó sì ti ń rántí ilé ni ihò omi abẹ́ títì wà. Ẹnu rẹ̀ kan gbòòrò. Ẹnu kejì, ẹnì kan ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé e lórí. Àwọn ayálégbé sọ ẹni tó jẹ́ fún mi, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nínú òkùnkùn. Ẹni ńlá ni.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sórí máàpù. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo ní òtítọ́ ni, ẹ jẹ́ ká gbé e síbẹ̀, kí ìjọba rí i. Ìyá Alákàrà kò bínú, ó ń yí àkàrà rẹ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá rí i, ta ni wọ́n máa ní ó sọ ọ́? Ìwọ máa ti padà sí Bódìjà."

Ọjọ́ mélòó kan ni mo fi gbé gbólóhùn yẹn kiri. Ohun tí a padà ṣe ni pé a wọn ẹnu ihò náà ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú teepu, kí gbogbo ènìyàn máa wò wá. Ibi tó ti wọlé jẹ́ mítà kan àti àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà. Ibi tó ti jáde kò tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Nọ́ńbà méjì yẹn nìkan la kọ sórí máàpù. Ẹnikẹ́ni lè mú teepu lọ síbẹ̀ kó tún un wọ̀n. Kò sí ẹlẹ́rìí tí wọ́n máa wá lọ́wọ́ alẹ́, torí nọ́ńbà kì í gbé ní àdúgbò.

Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fi ọ̀rọ̀ ilé ṣe. Ọ̀nà, orúkọ àdúgbò gan-an bí wọ́n ṣe ń pè é, gọ́tà, ẹ̀rọ omi, a gbé gbogbo rẹ̀ sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ayé rí i. Gíga omi nínú ilé kọ̀ọ̀kan, a kò gbé e síbẹ̀. Èyí dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnì kan nínú wa gbà pé dátà tí kò bá ṣí sílẹ̀ kò wúlò, pé owó aláàánú ni a fi kó o, gbogbo ayé ló ni ín. Mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ìyá tó gbé ẹ̀wà karùn-ún lé mẹ́rin, kò gbé e fún gbogbo ayé.

Máàpù kejì kò ní pupa. Àwọ̀ ẹrẹ̀ ni mo fi kun ilẹ̀ tí omi ń gbà, láti etí odò dé ibi tó ń kú sí, láìfi ilé kankan hàn yàtọ̀. Alẹ́ la ṣe ìpàdé, onílé àti ayálégbé pọ̀. Bàbá Alága tún dìde, ó tún nu awò ojú rẹ̀. Àyà mi já.

"Ẹ tún ti parọ́," ó ní. "Omi tó ń wọ ilé mi ju èyí lọ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà tirẹ̀. Ẹni kejì dìde, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tòun náà kù. Aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá kí a tó tú ká, ìgbà yẹn ni wọ́n tó yan ojú ibi mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kí gọ́tà kọ́kọ́ gbà.

Òfin ètò ìlú ti 1992 sọ pé kí wọ́n gbé àbá ètò síbi tí ará ìlú ti lè wò ó, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. A ń lo òfin yẹn láti òdìkejì rẹ̀: ará ìlú gbé tiwọn lọ fún aṣètò. Ọ̀gá tó gba máàpù lọ́wọ́ wa fara balẹ̀ wò ó. Ó béèrè pé, "Orúkọ àwọn onílé àti nọ́ńbà ilé wọn dà?" Bàbá Alága ló dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀, ó ní wọn kò sí níbẹ̀, sà, gọ́tà la wá bá yín sọ. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n la ọ̀kan nínú mẹ́ta. Méjì tó kù, a ṣì ń lọ, a ṣì ń bọ̀.

Wọ́n gbé ẹ̀dà kan kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ìgbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, bírò ti pọ̀ lórí rẹ̀: ẹ̀rọ omi tuntun, igi tó wó, "ẹ má dalẹ̀ síbí" tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá sún mọ́ ọn. Lórí ṣọ́ọ̀bù tó jókòó sẹ́nu ihò omi, ẹnì kan ti fi bírò pupa fa X kékeré kan.

Mo bi akọ̀wé pé ta ló ṣe é. Ó ń gé irun ọmọ kan lọ́wọ́.

"Àǹtí Máàpù," ó ní, "ẹ̀rọ yìí ń pariwo, mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ."